Ẹni Tí A Fi Sẹ́yìn Ogun

Ìtàn òkè tí ọkọ mi dì mú ní Bọ́mà, gbogbo Ìfọ̀n ló mọ̀ ọ́n ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ọlọ́tí mọ̀ ọ́n, awakọ̀ mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò tíì dé Ọ̀wọ̀ rí mọ ọ̀nà Bọ́mà. Bí mo bá ń din gàrí lẹ́yìnkùlé, mo máa ń gbọ́ wọn níwájú ilé tí wọ́n ń sọ ọ́ fún àlejò, tí wọ́n ń fi ẹnu yìnbọn, tí ọkọ mi tó ni ìtàn kò sì sí níbẹ̀ rárá. Ó ti gba inú igbó ọba lọ. Ẹ̀ṣọ́ igbó ni ìjọba fi í ṣe nígbà tó ti ogun dé, iṣẹ́ náà sì bá a lára mu, nítorí pé igi kì í béèrè ìtàn lọ́wọ́ ènìyàn. Àwọn ọdún 1950 ni mò ń sọ yìí, kí òmìnira tó dé.

Ohun tó ń dùn mí ni pé òótọ́ ni ìtàn náà. Ká ní irọ́ ni, ǹ bá ti rí ibi tí mo máa gbà bá wọn jà. Ọkọ mi ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní ó ṣe. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà nínú ìtàn yẹn tí wọ́n máa ń gbé dúró síbi tí kò sí. Ọkùnrin náà ni ọkọ mi àkọ́kọ́. Wọ́n á ní iwájú ló kú sí. Ẹ̀yìn ló kú sí, èmi ni mo sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi í síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìpele ni wọ́n gbé mi níyàwó sí, nígbà tí iyán mi ṣì máa ń ní kókó. Láwọn ibi tiwa, ìyàwó ilé kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọdé tí kò tíì mọ imú rẹ̀ nù; ó ní láti wá orúkọ tirẹ̀ fún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú agbo ilé náà tí ìyá rẹ̀ ti kú, tó jẹ́ pé ìyá ọkọ mi àkọ́kọ́ yẹn ló tọ́ ọ dàgbà pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀. Òun nìkan ló lọ sílé ìwé nínú wọn, ó ka ìwé mẹ́rin, mo sì ń pè é ní Akọ̀wé. Òun ń pè mí ní Ìyàwó wa. Ọkọ mi jù ú lọ dáadáa. Ẹgbẹ́ ọkọ mi ti ń jókòó jẹun nígbà tí ẹgbẹ́ Akọ̀wé ṣì ń pọn omi fún wọn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Akọ̀wé á dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọkọ mi á sì ti rán an níṣẹ́ kó tó dìde tán.

Àwọn méjèèjì jọ lọ wọṣẹ́ ológun ní Ọ̀wọ̀ nígbà ogun àgbáyé kejì. Ọkọ mi lọ nítorí pé ọdẹ ni, ó ní òun fẹ́ mọ irú ìbọn tí àwọn òyìnbó ń yìn. Akọ̀wé lọ nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ológun kì í béèrè ẹni tó dàgbà. Akọ̀wé gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n bá fún un ní ìlà méjì sápá, wọ́n sọ ọ́ di kọ́pọ́rà, wọ́n sì fi ọkọ mi sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wálé fún ìsinmi, a fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọkọ mi ní ní bárékè òun ló ń kí Akọ̀wé, nílé Akọ̀wé ló ń kí òun, nítorí náà kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹnì kan jẹ.

Ìsinmi yẹn ló jẹ́ ìgbẹ̀yìn. Wọ́n ti ń sọ pé wọ́n máa kó wọn sọdá òkun, mo sì wà nínú oyún. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n lọ, Akọ̀wé gba ẹ̀yìnkùlé wá dágbére fún mi níbi tí mo ti ń fọ aṣọ wọn. Mo kúnlẹ̀. Mo ti ń kúnlẹ̀ kí i tẹ́lẹ̀ bí ìyàwó ilé ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn n kò dìde.

“Akọ̀wé,” mo ní, “wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń sọ ibi tí kálukú wọn máa dúró. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọkọ mi dúró níwájú. Ẹ fi í sẹ́yìn.”

Ó wo ilẹ̀, ó ní òun ti gbọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, mo sá aṣọ wọn sórí okùn, mo ń kọrin, mo rò pé mo gbọ́n ju àwọn ìyàwó yòókù tó ń sunkún kiri lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bọ́mà, ẹnu ọkùnrin télọ̀ kan láti Ìsùàdà ni mo ti gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òun náà wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò ká mọ́, ẹsẹ̀ òsì nìkan ló fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, bó bá sì wá sí Ìfọ̀n, ilé wa ló máa ń wọ̀ sí. Ó ní òkè kékeré kan ni wọ́n ní kí àwọn ṣọ́. Odò wà lẹ́yìn òkè náà, àwọn ọmọ ogun tó ń ṣàìsàn àti àwọn tó fara gbọgbẹ́ sì ń sọdá rẹ̀ lórí oparun tí wọ́n so pọ̀. Bí òkè bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn aláìsàn náà ti kú nìyẹn, nítorí pé kò sí èyí tó lè sáré nínú wọn. Ní ìdájí, nígbà tí kùrukùru ṣì bo ilẹ̀, àwọn ará Jàpáánù yọ sí wọn. Ìbọn àkọ́kọ́ ló gbé ọ̀gá wọn òyìnbó ṣubú. Sájẹ́ǹtì tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ fẹ́ lọ fà á wọlé, ìyẹn náà kò padà. Ló bá ku Akọ̀wé.

Télọ̀ ní àwọn kan ti dìde, wọ́n ti ń wo ìsàlẹ̀ òkè, òun gan-an wà nínú wọn. Akọ̀wé kò pariwo. Ó dìde dúró, ó ń rìn láti ihò kan tí wọ́n gbẹ́ sápamọ́ sí dé èkejì bí ẹni tó ń wo ebè iṣu rẹ̀ kiri, ọta ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń sọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé ẹni tó bá sáré, ẹ̀yìn ni wọ́n máa yìn ín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó, wọ́n ní láti wá a wá. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má yìnbọn títí òun fi máa yìn tòun. Bó ṣe ń rìn kiri bẹ́ẹ̀ ló ń tún ibi ìdúró wọn tò. Ibì kan wà lẹ́yìn, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kọjú sí odò, níbi tí wọ́n kó àpótí ọta àti omi sí. Ibẹ̀ ló fọkàn balẹ̀ jù, ọta ìbọn kò lè rí ẹni tó bá wà níbẹ̀. Ó mú ọkọ mi kúrò níwájú, ó ní kó lọ ṣọ́ àpótí ọta. Ọkọ mi náà sì rèé, nínú gbogbo wọn òun ni ìbọn rẹ̀ kì í tàsé.

Lẹ́yìn náà ni Akọ̀wé fúnra rẹ̀ lọ kó sínú ihò tó wà níwájú pátápátá, èyí tí kò sẹ́ni tó fẹ́ wọ̀. Wọ́n ń gbọ́ bí àwọn ọ̀tá ṣe ń tẹ ewéko mọ́lẹ̀ bọ̀. Télọ̀ ní òun ń bẹ Ọlọ́run pé kí Akọ̀wé yìnbọn, kò yìn. Ìgbà tí wọ́n rí ojú àwọn ènìyàn náà, tí wọ́n lè mọ èyí tó dàgbà yàtọ̀ sí èyí tó kéré, ló tó yìn ín. Gbogbo òkè dáhùn. Wọ́n lé wọn padà. Wọ́n tún wá, wọ́n tún lé wọn.

Àwọn ará Jàpáánù wá rí i pé iwájú kò gbà. Wọ́n gbé ìbọn kan kalẹ̀ tó máa ń sọ ọta sókè, irú èyí tí ọta rẹ̀ máa ń fo ẹni tó wà níwájú dá, tí á sì já lu ẹni tó wà lẹ́yìn. Èyí àkọ́kọ́ bọ́ sínú odò. Èyí tó tẹ̀ lé e bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí.

Télọ̀ ní Akọ̀wé wẹ̀yìn, ó sì tún kọjú síwájú. Nígbà tí ọta ń tán lọ́wọ́ wọn, kò rán ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi àyà fà lọ sẹ́yìn, tó ń kó ọta nínú àpótí tó ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń pín in fún wọn, tó tún ń padà sínú ihò tirẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá lọ ló ń rí i. Ohùn rẹ̀ kò yí padà, ó ń pe kálukú lórúkọ, ó ń sọ fún wọn pé àwọn aláìsàn ti ń sọdá, pé ó ku díẹ̀. Ọmọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké pe ìyá rẹ̀, Akọ̀wé sì lọ jókòó tì í, ó ní kó máa ké, àmọ́ kó máa ki ọta sínú ìbọn bó ṣe ń ké. Wọ́n di òkè náà mú títí oòrùn fi kan àtàrí, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi dé. Gbogbo aláìsàn sọdá. Àwọn tó wà níwájú fara gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Akọ̀wé ti gba òkè náà sọ́wọ́, kò sí èyí tó kú nínú wọn. Ẹni tó wà lẹ́yìn nìkan ló kú. Òyìnbó fún Akọ̀wé ní àmì-ẹ̀yẹ, wọ́n sì sọ ọ́ di sájẹ́ǹtì.

Nígbà tó dé sí Ìpele, irun orí ọkọ mi àti èékánná rẹ̀ ló gbé wá nínú aṣọ funfun, bí a ṣe ń ṣe fún ẹni tó kú sọ́nà jíjìn, a sì sin wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Ìyá ọkọ mi bi í léèrè ibi tí ọmọ òun kú sí. Ó ní ojú ogun ni. Àwọn àgbà ní, “Ikú ogun ní í pa akínkanjú,” ọ̀rọ̀ sì parí lójú tiwọn. Kò parí lójú tèmi. Mo dúró dè é lọ́nà odò, pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ lára, mo bi í pé níbo ni ọkọ mi dúró sí. Ó ní, “Lẹ́yìn.” Kò fi nǹkan kan kún un. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí ìròyìn ikú dé lọ, àwọn ènìyàn ń rẹ̀ mí lẹ́kún, wọ́n ní ìyàwó yìí mà fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ o. Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn.

Nígbà tí ọ̀fọ̀ tán, ẹbí ní kí n mú ẹni tó bá wù mí nínú àwọn àbúrò ọkọ mi. Mo mú Akọ̀wé. Ó kọ̀. Mo bínú débi pé n kò kí i mọ́, mo rò pé ìwé mẹ́rin ló ń gùn ún, pé ọmọge tó ń wọ bàtà ló fẹ́. Ìgbà tó yá ni mo mọ̀ pé ojú mi ni kò lè wò. Èmi náà kò fẹ́ wo ojú tirẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹlòmíràn láyé tí mo lè bá gbé tí n kò ní máa purọ́ fún. Ó gbà nígbẹ̀yìn. Mo bí ọmọ fún un, a jọ ń rẹ́rìn-ín, a jọ ń jà bí tọkọtaya ṣe ń jà, inú mi sì máa ń dùn nígbà mìíràn títí n ó fi rántí ohun tí mo fi gba ilé náà. Nígbà náà, oúnjẹ tó wà lẹ́nu mi á di igi.

Ìyá bá wa dé Ìfọ̀n nígbà tí iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ igbó gbé Akọ̀wé lọ síbẹ̀. Ó ní òun kò lè máa gbé ilé tí ọmọ òun kò sí. Ó ri òfì rẹ̀ mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, ó ń hun aṣọ fún àwọn ọmọ mi, àti èyí tó jẹ́ ti ọmọ rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ti Akọ̀wé, kò fi ìkan ṣe ju ìkan. Akọ̀wé ló fẹ́ràn jù láyé. Ẹran tó bá wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀, inú àwo Akọ̀wé ló máa bá ara rẹ̀. Á ní òun bí méjì, Ọlọ́run mú ọ̀kan, ó ṣẹ́ ọ̀kan kù fún òun. Akọ̀wé á jẹ ẹran náà bí ẹni ń mu àgbo.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá wà bẹ́ẹ̀ títí a ó fi kú. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì Ìpele fẹ́ gbé pátákó kan kọ́ sára ògiri fún àwọn ọmọ ìlú tó kú sógun, wọ́n sì ránṣẹ́ sí ọkọ mi pé òun ni kó wá sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bó ṣe kú níwájú ogun. Ọkọ mi gbọ́ iṣẹ́ náà, ó jókòó sórí àga, kò dìde títí oúnjẹ fi tutù. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó ní òun máa lọ, òun sì máa sọ ibi tí ó kú sí gan-an.

Ẹ̀rù bà mí. Mo rí i lójú mi bí Ìyá ṣe máa di ẹrù rẹ̀, bí ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ti ọkọ mi àkọ́kọ́ ṣe máa wò mí, bí àwọn obìnrin Ìpele ṣe máa nawọ́ sí mi lọ́jà pé ìyàwó tó bẹ̀bẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ kú nìyẹn. Mo bá a jà. Mo ní ta ló bi í, mo ní òkú kì í ka pátákó. Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ó wá ní gbogbo ọdún ni wọ́n ń yin òun, gbogbo ọdún ni wọ́n sì ń gbé ẹ̀gbọ́n òun dúró sí ibi tí òun kò jẹ́ kó dúró, kò sì rọrùn fún òun láti máa gbọ́ ọ mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo tún bẹ̀ ẹ́. Ẹ ò rí i pé n kò kọ́gbọ́n.

“Dìde,” ó ní. “Ẹnu mi kò ní dárúkọ rẹ.”

Mo dìde. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn, ìtìjú ló sì jẹ́ fún mi pé ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni. Mo sun oorun dáadáa.

A wọ lọ́rí lọ sí Ọ̀wọ̀, a wọ òmíràn lọ sí Ìpele. Ìyá wọ aṣọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun, ó jókòó ní ìjókòó iwájú láàrin àwọn ẹbí. Èmi wà lẹ́yìn rẹ̀ láàrin àwọn obìnrin. Ọkọ mi wọ aṣọ kákí rẹ̀ tó ti ṣá, kò gbé àmì-ẹ̀yẹ kan kọ́ àyà. Lẹ́yìn ìwàásù ni wọ́n pè é. Wọ́n rò pé á sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Ìfọ̀n, àwọn ọ̀dọ́ tilẹ̀ ti na ọrùn.

Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kò kú níwájú. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun lè dúró níwájú, kò sẹ́ni tó mọ ìbọn í yìn bíi tirẹ̀, bóyá ká ní iwájú ló wà ni, ì bá wà láàyè, nítorí pé gbogbo àwọn tí òun fi síwájú ló wálé. Ó ní òun ni òun mú un kúrò níbẹ̀ tí òun fi í ti ẹrù, òun kò sì ní ìdí ológun kankan tí òun fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá ń yin òun nítorí òkè yẹn, kí wọ́n má gbàgbé èyí.

Olórí ẹbí, tó jẹ́ àbúrò bàbá ọkọ mi àkọ́kọ́, dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó ní kí ló dé tó fi fi í sẹ́yìn nígbà náà. Mo rí i tí ojú ọkọ mi kọjá lórí ìjókòó iwájú, tó kan èmi náà, tó sì bá ibòmíràn lọ. Ibi tó yẹ kí n ti dìde nìyẹn. Mo di ìwé orin mú. Olórí ẹbí wo ọkọ mi, ó wá yíjú wò mí níbi tí mo jókòó sí, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ rí.

“Ṣé nítorí ìyàwó tó wà nílé rẹ yìí ni?”

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kó ti ẹnu mi jáde tí ẹ̀sùn yẹn á fi wó, n kò sọ ọ́. Wọ́n ń kùn bí oyin. Ọkọ mi dúró bó ṣe dúró lórí òkè níjọ́sí, kò wẹ̀yìn, kò wá ibi forí pamọ́ sí. Ó ní, “Èmi ni mo fi í síbẹ̀, bàbá. Ẹ bi mí nìkan.” Ó sọ̀kalẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, kò sí ẹni tó kí i.

Ìyá kò bá wa padà sí Ìfọ̀n. Ó ní, “Mò ń gbé ulé mi,” pé ilé òun ní Ìpele ni òun máa dúró sí, kò sì wo ojú ọkọ mi nígbà tó ń sọ ọ́. Aṣọ tó ń hun lọ́wọ́ wà lórí òfì lára ògiri wa, àwọn adìyẹ ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò sì lẹ́sẹ̀, ó rìn. Láàrin ọ̀sẹ̀ bí mélòó kan, àwọn tó ń fi ẹnu yìnbọn níwájú ilé wa ti wá ibòmíràn jókòó sí. Wọ́n ń pe ọkọ mi ní ẹni tó fi ogun gba ìyàwó. Wọn kì í sọ ọ́ létí rẹ̀, wọ́n mọ̀ pé akin ni, àmọ́ wọ́n máa ń sọ ọ́ létí mi bí mo bá ń ra ata.

Kò dá mi lẹ́bi. Ì bá ti dá mi lẹ́bi, ì bá ti pariwo mọ́ mi, kí n rí nǹkan fi dáhùn. Ṣe ló ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Ó ń lọ sínú igbó kùtùkùtù, ó ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ewé nínú irun, ó ń fi ọwọ́ ti àwo ọbẹ̀ sẹ́yìn. Ní ọjọ́ kan mo din gàrí títí ó fi jóná dúdú, mo dúró tì í, mò ń wò ó. Mo da gbogbo rẹ̀ nù fún ewúrẹ́, mo wẹ̀, mo wọ lọ́rí, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá wà lójúde ilé rẹ̀ ní Ìpele, ó ń ran òwú. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sọ ọ́ láìfi ohunkóhun pamọ́. Mo ní Akọ̀wé kọ́ ló dá a ṣe. Mo ní èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìnkùlé, nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ, pé kó má fi ọkọ mi síwájú, ó sì ṣe bí mo ṣe ní kó ṣe. Mo ní ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ló yẹ kí n dìde sọ pé irọ́ ni, mo sì jókòó. Mo ní kó ṣe mí bó bá ṣe fẹ́.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí òwú. Mo dúró de èpè. Mo ti gbọ́ èpè lẹ́nu rẹ̀ rí, nígbà tí wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀, mo sì mọ̀ pé kì í fi í ṣeré.

“Ìwọ náà bẹ̀ ẹ́?” ó ní.

N kò kọ́kọ́ mọ ohun tí mo gbọ́. Ó wá sọ fún mi, ohùn rẹ̀ kò ga ju ti ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ lọ. Ní àárọ̀ tí wọ́n ń lọ, ó tẹ̀ lé Akọ̀wé dé ìdí lọ́rí, ó fà á sí kọ̀rọ̀, ó mú ọmú rẹ̀ lọ́wọ́, ó fi bẹ̀ ẹ́. Ó ní bí òun bá tọ́ ọ bí ọmọ, kó má fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ síwájú. Ọkùnrin wo ni ìyá rẹ̀ máa fi ọmú bẹ̀ tó máa kọ̀? Ó ní nígbà tó ń sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n bi í pé kí ló dé, ó wo òun, òun sì mọ̀ pé òun ló ń wò. Òun tẹrí ba. Ẹ̀gàn tó gbà nítorí òun, níṣojú òun, ni òun kò fi lè bá a padà sílé. Kì í ṣe ìbínú. Ojú ló ń ti òun.

Àwa méjèèjì jókòó níbẹ̀ láàrin òwú. N kò lè rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, òun náà kò lè rẹ̀ mí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní kí n dìde, ó ní ká yà lọ́dọ̀ olórí ẹbí ká tó lọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá náà lójú àwọn ọmọ rẹ̀, èmi náà sọ tèmi. Bàbá náà ń fi ọ̀pá rẹ̀ fa ilẹ̀, ó ní òun máa bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ lóòótọ́ nígbà tó yá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu tó bá ti sọ ọ̀rọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ bí a ti ń kó o padà.

A dé Ìfọ̀n ní ìrọ̀lẹ́. Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú igbó dé, ó ń bọ́ bàtà rẹ̀ níwájú ilé. Bó ti rí Ìyá, ó dìde pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lásán, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ìyá ṣíwájú rẹ̀. Ìyá arúgbó náà wólẹ̀ sórí eékún níwájú ọmọ tó tọ́. Mi ò rí irú rẹ̀ rí, mi ò sì fẹ́ tún rí i. Ọkọ mi dojú bolẹ̀ pátápátá nínú erùpẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde, pé kó má ṣe tẹ́ ara rẹ̀ nítorí òun. Ìyá kò dìde. Mo kúnlẹ̀ ti Ìyá, nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Ìyá ní àwa méjèèjì ti rí ara wa, a sì ti mọ ẹrù tó ń rù láti ìgbà tó ti dé. Ó ní kó sọ òótọ́ fún òun kí òun mọ iye àwọn tí òun máa bá pín in.

“Ta ló tún bẹ̀ ọ́?” ó ní.

Ọkọ mi gbé orí sókè, erùpẹ̀ wà níwájú orí rẹ̀. Láti ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò rí omi lójú rẹ̀ rí, kò sì sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn náà, ṣùgbọ́n ohùn tí kò yí padà lórí òkè yí padà.

“Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò bẹ̀ mí pé kí n fi òun sẹ́yìn, Ìyá,” ó ní. “Ẹ̀ẹ̀mejì ló wá bá mi nínú ihò iwájú, tó ní kí n jẹ́ kí òun dúró ti àbúrò òun. Mo pàṣẹ fún un pé kó padà sẹ́yìn. Ó kí mi bí ológun, ó sì padà lọ.”